Ilẹ̀ kan, rìsọ́ọ̀tì méjì: kí ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ máa ṣe fún àgbẹ̀ etí bọ́dà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan wá, Ìlárá létí bọ́dà ni wọ́n ti ń dáko. Oko wọn kan wà ní ìhà tiwa, òmíì wà ní ìhà Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn. Wọ́n ní àwọn bu yẹ̀pẹ̀ nínú oko kan ṣoṣo, àwọn pò ó pọ̀, àwọn pín in sínú ọ̀rá méjì, ọ̀kan lọ sí láàbù kan ní Nàìjíríà, àna wọn bá wọn gbé ìkejì lọ sí láàbù kan ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí rìsọ́ọ̀tì máa dé, kò sí èyí tó bára mu. Ọ̀rọ̀ wọn rèé: "Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 8 ni tibí, 18 ni tọ̀hún. pH 6.1 ni tibí, 5.2 ni tọ̀hún. Èwo ni kí n gbà gbọ́, ta ló ń purọ́ fún mi? Ẹ̀yin onímọ̀ ilẹ̀, gbogbo ìgbà la ń gbọ́ pé ẹgbẹ́ yín láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe mítíìnì, ẹ ní ẹ fẹ́ jọ tọ́jú ilẹ̀ Áfíríkà kó má ṣá. Kí ló wà nínú ẹ̀ fún èmi tí mo di ọkọ́ mú?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú owó tẹ́ ẹ ná sórí àyẹ̀wò yẹn, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ò tíì ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ rí láyé wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín. Mo ti wo fọ́tò bébà méjèèjì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ilẹ̀ kan náà ni láàbù méjèèjì ń sọ, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Tí ẹnì kan bá fi kóńgò wọn gàrí tí ẹlòmíì fi dẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, iye tí wọ́n máa pè ò lè dọ́gba láéláé, gàrí yẹn ò sì tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i, kò dín.

Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan. Lórí bébà ti Nàìjíríà, P ni wọ́n kọ, 8, wọ́n wá kọ mg/kg (mìlígíráàmù nínú kílò yẹ̀pẹ̀ kan) sí ìdí ẹ̀. Lórí ti Bẹ̀nẹ̀, P2O5 ni wọ́n kọ, 18.3. Ẹ wo P2O5 yẹn dáadáa o, kì í ṣe fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ́síjìn tó so mọ́ ọn ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣírò ẹ̀ sára àpò fatiláísà náà nìyẹn. Téèyàn bá fẹ́ gbé P lọ sí P2O5, 2.29 ló máa fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ mú fóònù yín, ẹ tẹ 8 lọ́nà 2.29, ẹ máa rí i pé 18.3 ló máa gbé jáde. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n pè lọ́nà méjì.

Ti pH náà kò le, òun ni òṣùwọ̀n bí ásíìdì ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bó bá ṣe rẹlẹ̀ sí ni ásíìdì ń pọ̀ sí i. Láàbù kan fi omi lásán po yẹ̀pẹ̀ kí wọ́n tó kà á, èkejì fi omi tí wọ́n ti yọ́ potásíọ̀mù kílóráìdì sí, ó wà nínú bébà Faransé yẹn, wọ́n kọ pH KCl. Iyọ̀ yẹn máa ń lé àwọn ásíìdì tó lẹ̀ mọ́ ara amọ̀ jáde sínú omi, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ẹ̀ fi máa ń rẹlẹ̀ ju ti omi lásán lọ, ó lè tó bíi kan, ó lè dín díẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ 6.1 nínú omi tó wá jẹ́ 5.2 nínú KCl, kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Ẹ sì rí ọ̀gáníìkì, tí wọ́n kọ 1.1 níbí tí wọ́n kọ 1.9 lọ́hùn-ún, kábọ́ọ̀nù nìkan ni tibí kà, tọ̀hún ti fi 1.724 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè dúró fún gbogbo ohun tó jẹrà sínú ilẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó bára mu.

Pòtásíọ̀mù nìkan ni mi ò lè fi ìṣirò yanjú. 0.2 cmol/kg, òṣùwọ̀n kẹ́míkà míì, ni tibí, tẹ́ ẹ bá yí i padà sí mìlígíráàmù, ó máa jẹ́ nǹkan bíi 78 mg/kg, àmọ́ 130 ni tọ̀hún. Ìyẹn jìnnà síra. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò pò yẹ̀pẹ̀ yẹn pọ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó pín in, tó bá sì wá jẹ́ pé ibì kan wà nínú oko yẹn tẹ́ ẹ ti sun igi rí, tí eérú ibẹ̀ wọ ọ̀rá kan ju ìkejì lọ, pòtásíọ̀mù ẹ̀ máa ga, torí eérú kún fún un. Ó sì tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fi iná ka pòtásíọ̀mù ní ọ̀kan nínú láàbù méjèèjì ni wọn ò tíì tún ṣètò ẹ̀ tipẹ́. Mi ò lè jókòó síbí kí n mọ èwo ni. Ìyẹn gan-an ló sì gbé wa dórí ìbéèrè yín kejì, torí ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n, àgbẹ̀ kan ò lè dá a ṣe, láàbù kan ò lè dá a ṣe, kódà orílẹ̀-èdè kan ò lè dá a ṣe.

Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ 8 àti 18 yẹn. Ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá fi ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Bray-1 ka fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ohun tó bá wà ní àyíká 8 tàbí kó dín, a máa ń kà á sí pé ó kéré, èyí tó bá ti ń sún mọ́ 20 a máa kà á sí pé ilẹ̀ yẹn ṣì ní. Tí ẹnì kan bá wá gbé bébà tó kọ 18 jáde tí kò wo P2O5 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á sọ fún yín pé ẹ má wulẹ̀ ra fatiláísà tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, àgbàdo yín á sì wá pupa létí bí elésè àlùkò, gbòǹgbò ò ní lágbára, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á. Tẹ́nì kan bá rí pH 5.2 tí kò wo KCl, ó lè ní kẹ́ ẹ lọ ra láìmù (ìyẹ̀fun òkúta tó ń dín ásíìdì ilẹ̀ kù) da sí ilẹ̀ tí ò nílò ẹ̀. Owó àgbẹ̀ ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún, ní ìhà méjèèjì bọ́dà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an.

Ó wá kù pé báwo la ṣe débí. Bọ́dà tó gba àárín Ìlárá àti Kétu kọjá yẹn, ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi fa ilà ẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ilẹ̀ pupa tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, tó jẹ́ yanrìn lójú àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ díẹ̀ ẹ máa kan amọ̀, láti apá Gánà ló ti ń bọ̀, ó gba gúúsù Tógò, ó gba gúúsù Bẹ̀nẹ̀, Sákétè, Pọ́bẹ̀, Kétu, ó wọ ìhà tiwa. Terre de barre ni àwọn onímọ̀ tó kàwé ní Faransé ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn onímọ̀ ti fún ilẹ̀ tó jọ ọ́ ní orúkọ míì pátápátá, Alagba. Ìyẹn ni pé tí ìwádìí kan bá jáde láti Bẹ̀nẹ̀ tó ṣàlàyé bí àgbàdo ṣe máa ṣe dáadáa lórí terre de barre, ọmọ yunifásítì wa tó ń wá ohun tó kan Alagba ò ní rí i. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, kòkòrò kan náà, ìwé ò pàdé.

Kò sì kúkú jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya ọ̀lẹ. Ní ìhà tiwa, ìjọba Western Region ṣe ìwádìí ilẹ̀ kòkó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962, wọ́n fi orúkọ ìlú wa pe oríṣi ilẹ̀ tí wọ́n rí, Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Ondó, Ìtagunmódì, Àpòmù, Òkèmẹ̀sí, dòní olónìí orúkọ yẹn la ṣì ń lò. Ní ìhà ọ̀hún, ilé iṣẹ́ ìwádìí Faransé tí wọ́n ń pè ní ORSTOM ya máàpù ilẹ̀ gbogbo Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, ó dáa gan-an, àmọ́ bí Faransé ṣe ń pín ilẹ̀ sí oríṣi ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwa tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ẹ̀ a tẹ̀ lé Amẹ́ríkà. Nígbà tí máàpù méjèèjì dé bọ́dà, wọn ò mọra wọn.

Àwọn tó wà ṣáájú wa rí i o. Láti 1948 ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ńlá lórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Goma, ní Kóńgò, nígbà tí Bẹ́ljíọ̀m ṣì ń ṣàkóso ẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ ohun tó tẹ̀ lé e wúlò: àwọn orílẹ̀-èdè wá kó máàpù wọn jọ kó di ẹyọ kan. Ó gbà wọ́n ní ọdún púpọ̀. 1964 ni máàpù ilẹ̀ Áfíríkà yẹn jáde, Èkó ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde, sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà jẹ́ 50 kìlómítà lórí ilẹ̀. Èyí ò lè sọ fún yín bí oko yín ṣe rí, gbogbo Ìlárá dé Kétu ò ju àmì kékeré kan lọ lórí ẹ̀, àmọ́ òun ló jẹ́ káwọn èèyàn rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ẹgbẹ́ tiwa, Soil Science Society of Nigeria, 1968 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ àgbáyé ti dàgbà jù ú lọ, Róòmù ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1924, wọ́n ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀ ní Florence ní 2024. Ti gbogbo Áfíríkà náà wà. Kẹ́ ẹ mọ bí ẹgbẹ́ báyìí ṣe rí: kì í ṣe ìjọba, kò ní owó ìjọba, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń ṣe àpérò, wọ́n ń tẹ ìwé ìwádìí jáde, wọ́n sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ tí ìjọba bá fẹ́ gbọ́. Ìjọba ló lágbára láti fọwọ́ sí nǹkan. Ẹgbẹ́ ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí. Ibi tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ń já sófo ni ìgbà tí méjèèjì bá pàdé, tí wọ́n kọ ìwé ìpinnu, tí wọ́n ya fọ́tò, tó parí síbẹ̀.

Ẹ wo Àbújá 2006. Àwọn olórí Áfíríkà pé jọ, wọ́n ní ajílẹ̀ òyìnbó tí àgbẹ̀ wa ń lò, tí kò ju nǹkan bí kílò 8 lọ lórí hẹ́kítà kan nígbà yẹn, kó di kílò 50 kó tó di 2015. 2015 dé, ó kọjá, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ wọn ò burú o, ajílẹ̀ wa kéré jù lóòótọ́, àmọ́ ajílẹ̀ nìkan ni wọ́n gbájú mọ́, wọn ò béèrè pé irú ajílẹ̀ wo, sórí ilẹ̀ wo. Àpò NPK (ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù) kan náà ni wọ́n ń kó lọ sí Sókótó tí wọ́n ń kó wá sí Ìmẹ̀kọ. Ilẹ̀ tí ọ̀gáníìkì ti tán lára ẹ̀ ò lè di ajílẹ̀ mú, òjò kan á gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n tún pé jọ ní Nairobi ní oṣù karùn-ún 2024, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ìlera ilẹ̀ ni wọ́n fi síwájú, wọ́n ní ó kéré tán kí wọ́n dá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó ti bà jẹ́ padà bọ̀ sípò kó tó di 2034, kí ìmọ̀ràn tó bá ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu sì dé ọ̀dọ̀ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ló ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́ kó tó dé etí àwọn olórí. Ní ìhà tiwa níbí, ìpàdé Lomé ti wáyé ní 2023, àtìgbà náà ni wọ́n ti gbé ibùdó kan kalẹ̀ fún ajílẹ̀ àti ìlera ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Sàhẹ́lì, IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ló ń darí ẹ̀.

Àmọ́ ìmọ̀ràn tó bá ilẹ̀ mu, orí àyẹ̀wò ilẹ̀ ló máa dúró lé, àyẹ̀wò tí nọ́ńbà ẹ̀ ò bá ti dọ́gba láti láàbù kan sí èkejì, ìmọ̀ràn wo lèèyàn fẹ́ fà yọ níbẹ̀? Ẹ rí i pé bébà méjì tẹ́ ẹ mú dání yẹn gan-an lọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ tí mo gbà gbọ́ jù lọ nínú gbogbo ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí kò sí lórí pèpéle, inú láàbù ló wà. Ní 2017, lábẹ́ àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, FAO, wọ́n dá ìsopọ̀ láàbù ilẹ̀ gbogbo ayé sílẹ̀, GLOSOLAN, ẹ̀ka ti Áfíríkà ń jẹ́ AFRILAB. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń jókòó kọ ọ̀nà àyẹ̀wò sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, gíráàmù mélòó, ìṣẹ́jú mélòó, kẹ́míkà wo, kí láàbù tó wà ní Kumasi àti èyí tó wà ní Kútọ̀nu àti èyí tó wà ní Ìbàdàn má bàa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀nà tí a fi ń wọn kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Walkley-Black, tó ti wà láti 1934, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ báyìí. Ẹ lè rò pé ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á ti mọ̀ ọ́n ṣe. Rárá o. Láàbù kan máa mú un gbóná, òmíì ò ní mú un gbóná, ìṣirò tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn ẹ̀ náà ò ní jọra.

Ohun kejì ló máa yanjú ọ̀rọ̀ pòtásíọ̀mù yín. Láàbù kan máa wá yẹ̀pẹ̀ tó pọ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀ oníhò mìlímítà méjì, wọ́n á pò ó pọ̀ títí kò fi ní sí ìyàtọ̀ níbì kankan, wọ́n á wá pín in sínú ọ̀rá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí láàbù púpọ̀ lórílẹ̀-èdè púpọ̀, láìsọ iye tó wà nínú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kóówá á ṣe tiẹ̀, á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ padà. Tí láàbù ogún bá sún mọ́ 80 tí ẹyọ kan bá pe 130, ẹyọ yẹn mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe lọ́dọ̀ òun, á lọ wá a, bóyá omi tí wọ́n ń lò ò mọ́, bóyá kẹ́míkà ti pẹ́ jù, bóyá iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ba ẹ̀rọ jẹ́. Wọn kì í fi dójú ti ẹnikẹ́ni, kóówá á gba ìwé tiẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an torí kò sí ariwo nínú ẹ̀, gbogbo àgbẹ̀ ló sì ń jàǹfààní ẹ̀ láìmọ̀.

Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ pọ̀ o. Ẹ ò lè ṣàdédé gbé yẹ̀pẹ̀ kọjá bọ́dà, òfin wà lórí ẹ̀ kí àrùn àti kòkòrò má bàa bá a wọlé, kóówá ló ní láti gbàwé àṣẹ (àna yín tó gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un kó má tún dán an wò láìgbàwé). Ìwé àṣẹ yẹn lè pẹ́ débi pé àkókò àyẹ̀wò á ti kọjá. Kẹ́míkà wọ́n, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ dáadáa nínú láàbù lè lọ sílẹ̀ òkèèrè lọ́la kí iṣẹ́ náà dúró síbẹ̀. Èdè náà wà níbẹ̀, Faransé ní ìhà kan, Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà kejì, àpérò wa tí wọ́n bá ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, àwọn ará Kútọ̀nu á jókòó sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, táa bá sì lọ sí tiwọn, àwa náà á jókòó bẹ́ẹ̀. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu fún àwa Yorùbá, torí onímọ̀ kan láti Pọ́bẹ̀ àti onímọ̀ kan láti Ọ̀yọ́ lè jókòó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ní Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ìlà-Oòrùn Áfíríkà rọrùn díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ èdè. Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà jọ ní ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo láti àwọn ọdún 1970, àjọ tí ìjọba wọn jọ ní tú ká ní 1977, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ò tú ká. Ní 2013 ní Nakuru, ní Kẹ́ńyà, àpérò wọn kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń ṣe, wọ́n jọ ṣe é pẹ̀lú ẹgbẹ́ ti gbogbo Áfíríkà.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jù ni ti gúúsù Bùràsíìlì. Ìpínlẹ̀ méjì, Rio Grande do Sul àti Santa Catarina, wọ́n ti ń jọ lo ọ̀nà àyẹ̀wò kan náà láti àwọn ọdún 1960, ẹ̀ka ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ Bùràsíìlì ní gúúsù ló ń darí ẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló wà fún ìpínlẹ̀ méjèèjì tó sọ pé tí nọ́ńbà yín bá jẹ́ báyìí, iye láìmù àti ajílẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò rèé fún sóyà, fún àgbàdo, fún ewébẹ̀. Láàbù tó bá fẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ máa yege nínú irú ìdánwò ọ̀rá yẹ̀pẹ̀ tí mo sọ lókè yẹn, tó bá yege, wọ́n á fún un ní àmì tó máa lẹ̀ mọ́ bébà rìsọ́ọ̀tì. Àgbẹ̀ ò ní láti mọ kẹ́míkà kankan, àmì yẹn ló máa wò. Ohun tí mo fẹ́ rí láti Kétu dé Ìlárá nìyẹn kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ parí sínú láàbù, torí nọ́ńbà nìkan kì í tún ilẹ̀ ṣe. Ẹ mọ èkan, ẹ mọ bó ṣe ń gba oko lọ́wọ́ èèyàn. Ní apá Mono ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ àti àgbẹ̀ jọ dán mùkúnà wò. Ìbátan wèrèpè ni, àmọ́ èyí kì í yúnni lára. Wọ́n ń gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo bá ti dúró dáadáa, lẹ́yìn ìkórè á bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, èkan ò ní rí oòrùn, á kú, mùkúnà á sì máa fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀. Tó bá gbẹ, ewé ẹ̀ á tẹ́ bí ẹní, inú ẹ̀ náà ni wọ́n á gbin àgbàdo tó tẹ̀ lé e sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ló gbìn ín. Ọ̀pọ̀ wọn sì tún fi í sílẹ̀ nígbà tó yá, ìdí ẹ̀ sì ṣe pàtàkì: èso ẹ̀ ò ṣeé jẹ bí ẹ̀wà torí kẹ́míkà kan wà nínú ẹ̀ tó ń ṣe ara, ẹni tó rẹ́ǹtì ilẹ̀ ò sì lè yọ̀ǹda sáà òjò kejì fún ohun tí ò ní tà. Ìmọ̀ ńlá nìyí, èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí ò ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ilé yín níbẹ̀ ló wà, àmọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ tibí àti tọ̀hún bá jókòó pọ̀ tọkàntọkàn, irú nǹkan báyìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá àti Fọ̀n lórí rédíò, kí àgbẹ̀ Ìlárá má tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ó yá, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nísinsìnyí. Ẹ má da bébà méjèèjì nù. Ẹ gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yín bí 8, ó kéré, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ṣe àgbàdo yín lóore. Ẹ má ra láìmù, 6.1 nínú omi dáa fún àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ọ̀gáníìkì yín kò pọ̀, ẹ má sun pòròpórò àgbàdo mọ́, ẹ fi tẹ́ ilẹ̀. Ní ti pòtásíọ̀mù, títí tá a fi máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ ṣe bíi pé 78 ni, torí irú ilẹ̀ pupa yín yẹn, pòtásíọ̀mù ló sábà máa ń kọ́kọ́ tán lára ẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì máa ń kó o lọ gan-an, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kó ẹ̀gẹ́ tà lẹ̀ ń kó o kúrò lóko. Ẹ jẹ́ kí èèpo ẹ̀gẹ́ àti eérú inú ilé ìdáná padà sí oko, kí ẹ fọ́n ọn ká, kó má ṣe wà lójú kan.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀, ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni kẹ́ ẹ ti bù ú káàkiri oko, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ ní jíjìn, ẹ yẹra fún ìdí ọ̀gán, ojú ọ̀nà àti ibi tẹ́ ẹ ti sun igi, ẹ pò ó nínú báàfù tó mọ́, ẹ sá a sábẹ́ ibòji. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún láàbù, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ọ̀nà wo lẹ fi ń ka fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ṣé P lẹ máa kọ àbí P2O5, ṣé ẹ wà nínú ìdánwò tí láàbù ń bá ara wọn ṣe? Tí wọn ò bá lè dáhùn ẹ̀kẹta, ẹ wá láàbù míì, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí ẹ̀ fún wọn. Àjẹsẹ́kù àwọn àgbẹ̀ yín náà lè kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ pé ẹ̀ ń fẹ́ láàbù tó wà nínú AFRILAB, lẹ́tà láti ọwọ́ àgbẹ̀ wúwo ju tiwa lọ.

Ọmọ yín tẹ́ ẹ ní ó ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kó wọ ẹgbẹ́ láti ìsinsìnyí, wọ́n máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́, kó sì kọ́ Faransé mọ́ ọn.

Tí rìsọ́ọ̀tì tuntun bá dé, ẹ tún fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ya ẹ̀yìn bébà náà mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ láàbù máa ń kọ orúkọ ọ̀nà tí wọ́n lò sí.